Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe Jenga fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: igi wo ni kí n lò?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi igi ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò pé ọdún mẹ́jọ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, Ìbàdàn ni èmi wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ó sì ní òun á bá mi mú ẹrù kékeré kan dání. Mi ò fẹ́ ra nǹkan oníke. Jenga ni mo fẹ́ fi igi ṣe fún un, eré tí wọ́n ń to igi léra, tí wọ́n wá ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi máa wó. Mo ní ayùn ọwọ́, mo ní òòlù, mo sì mọ káfíńtà kan ládùúgbò. Igi wo ni kí n rà ní ọjà pákó Bódìjà? Àwọn kan ní ìrókò. Àwọn kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ti ṣe é rí?

* * *

Ìdáhùn

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ló dára dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan ṣe é gbà. Ti méjì tó kù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná, a ó débẹ̀.

Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ igi. Ègé 54 ni. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tò wọ́n, àjà kan nàró síwá, èyí tó wà lórí rẹ̀ dábùú, bẹ́ẹ̀ títí tó fi di ilé alájà 18. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, ègé kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ó fẹ̀ ní 2.5, ó nípọn ní 1.5. Ẹ wò ó dáadáa: 2.5 lọ́nà mẹ́ta ni 7.5. Ohun tó ń jẹ́ kí mẹ́ta jókòó tira wọn kí wọ́n sì bá gígùn ẹyọ kan mu nìyẹn. Tí pákó tẹ́ ẹ rí bá jẹ́ 2.2 péré, ẹ gé e ní 6.6, kò sí ohun tó ṣe é. Ìlọ́po mẹ́ta yẹn ni òfin. Ìyókù, bó bá ṣe wù yín.

Igi tẹ́ ẹ nílò kò pọ̀. Pákó oní-ínṣì-kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, á tó, á tún ṣẹ́kù. Ẹ là á sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méje tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ọ̀pá kan á fún yín ní ègé mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà ni 54. Ọ̀pá keje wà fún èyí tó bá bàjẹ́, òmíràn yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odidi pákó oní-ẹsẹ̀-bàtà-méjìlá fún yín. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ń kó àjákù sí.

* * *

Lórí igi tó yẹ

Mo ti ka ohun tí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dáhùn ṣáájú mi kọ. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín sí. Àwọn onírókò ní kò sígi bíi tirẹ̀: ó le, ó wuyì, ikán ò jẹ ẹ́. Àwọn tó gbè sẹ́yìn arère ní ó fúyẹ́, ayùn ọwọ́ á gé e bí ẹni gé búrẹ́dì. Àwọn ẹ̀kẹta ní ọ̀gànwó ni, torí pé ó pupa, ó sì jọ ohun tí èèyàn fi ń tọrẹ.

Èmi ò bá ìkankan nínú yín lọ délé. Mo ti fi ìrókò ṣe é. Ìyẹ̀fun rẹ̀ wọ̀ mí nímú, mo sín títí di ọjọ́ kejì, ara apá mi sì ń yún mi bí ẹni tí wèrèpè bà. Ìrókò kì í ṣe igi tí èèyàn ń fi sáńpépà fá nínú yàrá láìbo imú. Yàtọ̀ síyẹn, okùn inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn: ẹ gbé ìfági lé e, ó ń fà ya. Ẹ lè ṣe àga dáadáa pẹ̀lú rẹ̀. Ègé tó kéré bí ìka, ìyà lásán ni.

Arère dùn ún gé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. Èékánná ọmọdé lè kọlà sí i. Tó bá ti wó lulẹ̀ lórí táìlì ní ìgbà mẹ́wàá, gbogbo igun rẹ̀ á ti kúmọ́, ilé náà ò sì ní dúró mọ́ bí tàtẹ̀yìnwá. Kòkòrò tó ń lu igi náà tún fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbọn ọ̀kan sórí bébà funfun. Tí nǹkan bí ìyẹ̀fun bá jábọ́, ẹ gbé e sọnù. Ẹ má sì gba ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi oògùn ikán kùn ún gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè máà kó igi sẹ́nu mọ́, àbúrò rẹ̀ ńkọ́?

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra igi dandan, mèlínà ni kẹ́ ẹ rà. Igi tí wọ́n gbìn lọ súà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti fi ṣe bébà ní Ìwópin ni. Kò lókìkí, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe fáàrí. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ sábà máa ń gún, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ bó bá ti gbẹ. Tíìkì náà dára: òróró ara rẹ̀ ń jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀, ìyẹn sì wúlò fún eré yìí.

Ní ti ẹrù bàálù, mo ṣírò rẹ̀. Odidi ègé 54 jẹ́ nǹkan bíi lítà kan àti ààbọ̀ igi. Arère ò ní tó kílò 0.6. Mèlínà á tó bíi 0.7. Ìrókò á sún mọ́ kílò kan, igi apá á sì kọjá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín kò ní torí ẹrù kílò kan ráhùn, àfi bó bá jẹ́ irú ọ̀rẹ́ kan.

* * *

Ẹni tó ní "igi ṣáà ni igi"

Rárá o. Igi tútù àti igi gbígbẹ, ẹni méjì ni wọ́n.

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ èyí tó bàjẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Àárín òjò ni. Mo ra arère ní ibi ìlagi kan, ẹni tó tà á fún mi lu àyà, ó ní ó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ni mo fi ṣe gbogbo 54. Wọ́n dọ́gba bí eyín agbọ̀nrín, mo yà wọ́n ní fótò, mo gbé wọn fún àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo yà sí ilé wọn. Wọ́n to nǹkan náà síwájú mi, ó sì tẹ̀ sápá kan bí ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí ẹmu. Baba wọn ní, "Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí ni?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí igi bá ń gbẹ, kì í kúrú, ṣùgbọ́n ó ń súnkì ní fífẹ̀ àti ní nínípọn. Gígùn ègé mi ṣì wà ní mìlímítà 75. Fífẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 25 ti di 24. Mẹ́ta pa pọ̀ wá jẹ́ 72. Ìlọ́po mẹ́ta ti bàjẹ́: àlàfo mìlímítà mẹ́ta wà nínú àjà kọ̀ọ̀kan, ègé àárín sì ń rìn kiri nínú ilé bí àlejò. Kò sí sáńpépà tó lè tún un ṣe àfi kí n gé orí gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wá fi ti Lọ́ńdọ̀nù kún un. Igi tó ti gbẹ tán nínú ilé ní Ìbàdàn ṣì lè ní omi bí ìdá 15 nínú 100. Nínú ilé tí wọ́n ń tan hítà sí ní gbogbo ìgbà òtútù, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 8. Ó ṣì máa súnkì níbẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n bí èyí tẹ́ ẹ kó lọ bá tún jẹ́ tútù, ẹ̀gbọ́n yín á pè yín lórí fóònù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ má wo ojú ẹni tó ń tà á. Ìwọ̀n ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ lò. Mo la ọ̀pá mèlínà kan, mo gbé e sórí ìwọ̀n: gíráàmù 186. Mo tẹ́ ẹ sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i nísàlẹ̀ lókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 141. Ọ̀sẹ̀ kejì, 128. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 127. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 127. Ìgbà náà ni mo mú ayùn. Oòrùn gangan kọ́ ni kẹ́ ẹ sá a sí o, á là.

Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín kò tó?

* * *

Nítorí náà, ẹ má lọ sí Bódìjà rárá

Èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ látìgbà yìí. Igi tó ti gbẹ tán wà nínú ilé yín. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹsẹ̀ tábìlì tó ti yẹ̀, férémù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé sẹ́yìnkùlé. Igi tó ti wà nínú ilé fún ogún ọdún ti súnkì dé ibi tó máa súnkì dé níhìn-ín.

Èyí tó dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ṣe, férémù ilẹ̀kùn ilé bàbá mi ni. Ìgbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn onírin wá, wọ́n yọ ti igi, wọ́n sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọ̀gànwó ni. Lókè, ọ̀dà ti bó, ó dúdú, ó rí játijàti. Mo fi ìfági fá a lẹ́ẹ̀mejì, pupa rẹ̀ yọ jáde bí ẹran inú ìṣasùn. Mi ò mọ̀ pé ìṣó kan ti kán sínú rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Ayùn mi bá a pàdé. Eyín mẹ́rin lọ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ rà á: inú spíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Ẹ fi òwú so ó, ẹ fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí igi náà. Níbi tó bá ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó wà níbẹ̀.

Ohun kan tó kù: ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ má fi sáńpépà gbo ó di eruku. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti fi ìfági fá a, kẹ́ ẹ bo imú, kẹ́ ẹ sì gbá èéfọ́ rẹ̀ dànù kí ọmọdé tó dé ibẹ̀.

* * *

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yà bàrá

Ẹni tó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n lè má gba ìrókò sílé nítorí olúwéré, iwin tí wọ́n ní ó ń gbé inú ìrókò, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa kò gbà kí n kó àjákù ìrókò sí ẹ̀gbẹ́ ilé òun. Èèyàn kì í fi ẹ̀bùn ọmọdé dá àríyànjiyàn àgbà sílẹ̀.

Ẹni tó ní eré òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin tó gbé e jáde, Leslie Scott, ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì ni, ṣùgbọ́n Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n bí i sí. Èdè Swahili ló ti mú orúkọ eré náà: "kujenga" ni kíkọ́ ilé. Ibi tí ìdílé rẹ̀ sì ti ń ṣe eré náà, Gánà níhìn-ín ni, wọ́n fi àwọn ègé igi láti ibi ìlagi ní Takoradi tò ó. Ní 1983 ló pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ nǹkan ìṣeré ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Arère wa ni àwọn ará Gánà ń pè ní wawa, ìrókò wa ni wọ́n ń pè ní odum. Nítorí náà, eré tó jáde láti inú àjákù pákó ní etíkun wa ni ẹ ń dá padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má ṣáà kọ "Jenga" sára rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ máa tà á, torí orúkọ yẹn ní olóhun. Ti ẹ̀bùn inú ilé, ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín.

Ẹni tó ní kí ó ṣe ọpọ́n ayò dípò rẹ̀, èmi gan-an fẹ́ràn ayò jù ú lọ. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ náà á bá ta á? Bàbá rẹ̀ ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Jenga, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wá kí i ò nílò àlàyé. Gbígbẹ́ ihò 12 kí wọ́n jinlẹ̀ dọ́gba, ìyẹn sì tún kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹni tó ní ayùn ọwọ́.

* * *

Gígé

Àwọn méjì ní kẹ́ ẹ gbé e fún káfíńtà, kó fi máṣìnnì gé e láàárọ̀ kan. Mo gbé èyí tó ṣìkejì lọ fún káfíńtà. "Ẹ padà wá lọ́la" ló fi mí ṣe fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa gé e, tépù ló fi ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi pẹ́ńsù fàmì sí i, ó ń gé e. Òmíràn jẹ́ 74, òmíràn 77. Ó ní, "Kí ni mìlímítà mẹ́ta?" Lára ilẹ̀kùn, kì í ṣe nǹkan kan. Lára ègé yìí, ó di gánnagànna tó ń yọ síta.

Ẹ jẹ́ kó bá yín la ọ̀pá nìkan, torí ìyẹn ló ṣòro fún ayùn ọwọ́. Ẹ gé ègé fúnra yín. Ẹ kan pákó mẹ́ta pọ̀ bí ọ̀nà omi, ọ̀kan nílẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ayùn la ojú kan gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá, kó gún ṣánṣán. Ẹ wá kan igi kékeré kan sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n 7.5 sí ojú tẹ́ ẹ là náà. Ẹ ti ọ̀pá wọlé títí tó fi máa kan igi yẹn, ẹ gé. Ẹ ti òmíràn wọlé, ẹ gé. Kò sí tépù, kò sí pẹ́ńsù, gbogbo wọn á sì bára mu. Ó gbà mí ní wákàtí méjì àti díẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan lórí àpótí, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ á ro yín. Ìka yín á pé.

Ìyẹn ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ọwọ́ di ègé kúkurú mú lórí máṣìnnì tó ń yí. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí orí ìka rẹ̀ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ṣé kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba tàbí kó má dọ́gba?

Ibí ni ìjà wà, mo sì ti rí i pé ẹ ti ń pe ara yín lórúkọ burúkú. Apá kan ní iṣẹ́ tó dára gbọ́dọ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Apá kejì ní ti ilé iṣẹ́ gan-an kì í dọ́gba, nítorí náà kẹ́ ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

Ẹ̀yin méjèèjì jàre, ẹ̀yin méjèèjì sì jẹ̀bi. Gígùn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Fífẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nínípọn ni kò gbọ́dọ̀ dọ́gba tán. Bí gbogbo ègé bá nípọn bákan náà, ìwúwo ilé á pín sórí gbogbo wọn, kò ní sí èyí tó dẹ̀, ọmọdé á fi ìka tì í, kò ní lọ, á fi ìbínú fà á, ó parí. Ohun tó mú eré náà dùn ni pé nínú àjà kan, ègé méjì ru ilé, ẹ̀kẹta ń sinmi. O ò mọ èyí tó ń sinmi àfi tó o bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tó o bá yọ ọ́, ìwúwo á yí padà, èyí tó ń sinmi níbòmíràn á di ẹrú.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi sáńpépà nọ́ńbà 120 dán gbogbo wọn, mo máa ń to gbogbo ilé náà sórí tábìlì, mo fi ìka kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bí kò bá sí èyí tó yẹsẹ̀, mo mú ègé méjìdínlógún láìṣà wọ́n. Mo tẹ́ sáńpépà sórí táìlì, mo gbo ojú gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohun tó ń kúrò kò ju ìnípọn bébà lọ. Mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù, mo tún un tò, mo tún tì í wò. Bí mẹ́wàá tàbí méjìlá bá ń yọ̀ wẹ́rẹ́, ó tó. Ẹ má sàmì sí wọn o, ẹ̀yin náà á fẹ́ ta á.

Ẹ má ká sáńpépà mọ́ ìka, igun á di róbótó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ègé máa rìn lórí rẹ̀. Ní ìkẹyìn, ẹ fi nọ́ńbà 220, èyí tó kúnná ju 120 lọ, pa mímú igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má gé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ tún fetí sí i bó bá wó. Arère ń dún pàtà-pàtà bí ìgbà tí bàtà jábọ́. Ọ̀gànwó gbígbẹ ń dún gbárágadà, gbogbo ilé á yíjú. Ìyẹn gan-an ni ọmọdé ń dúró dè.

* * *

Fáníṣì, epo, àbí kí ó wà bẹ́ẹ̀?

Mo ṣèlérí pé màá sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bàjẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí káfíńtà yẹn ṣe, mo tún fi fáníṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dán bí bàtà ṣọ́jà. Ó gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, àbí mo rò pé ó gbẹ. Nígbà tí ọ̀rinrin òjò dé, ẹ fa ọ̀kan, mẹ́ta á tẹ̀ lé e. Ó ti di góòmù.

Ẹni tó ní epo pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún èwà. Ó ń kọ́, ó ń rùn, ó sì ń fa èèrà. Àdí kì í gbẹ. Òrí ni mo rò pé ó máa ṣe é, mo gbìyànjú rẹ̀ lára ègé mẹ́ta. Eruku lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n dà bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú ìda oyin tàbí àbẹ́là, ẹ fà á lórí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi àjákù ańkárá nù ún kíkankíkan títí ọwọ́ ò fi ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó tán.

Ti kíkọ nǹkan sí i: àwọn kan ní kẹ́ ẹ fi irin gbígbóná kọ oríkì ọmọ sára gbogbo rẹ̀. Iná máa ń ba ojú igi jẹ́ níbi tó bá jó o, ojú gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ lè má jókòó dáadáa mọ́. Orí ègé nìkan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ibi kékeré tó ń hàn síta. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹyọ kan péré. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ti ọ̀gànwó. Àwọn ọmọ sọ ọ́ di pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ "baálé ilé" àfi olórúkọ fúnra rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀.

* * *

Olùbéèrè padà dé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lọ sí Bódìjà. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi kan wà ní gàréèjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti já. Ìyá mi ní àárín ọdún 1980 ni wọ́n kàn án fún òun. Wọ́n ní kí n mú un. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó, mo rí mẹ́fà. Lẹ́yìn tí mo fá a, ìnípọn rẹ̀ kù sí mìlímítà 21. Ṣé kí n ṣì lò ó? Inú kí ni kí n sì kó o sí?

* * *

Ìdáhùn

21 dára. Ẹ gé e ní 63, kẹ́ ẹ jẹ́ kó nípọn ní bíi 13. Á kéré díẹ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ náà kéré.

Ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Ẹ fi àjákù ilẹ̀kùn náà kan àpótí tí kò nídìí tí kò nílékè, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 65 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: inú rẹ̀ ni wọ́n á ti máa to ilé náà, wọ́n á wá fà á sókè, ilé á sì dúró gbọnrangandan. Ẹ rán àpò àdìrẹ fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà kékeré sí i pé kọ́bọ́ọ̀dù ìyá àgbà ni, kí ẹ̀gbọ́n yín náà lè rántí ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mẹ́ta kún un. Ọ̀kan á wọ abẹ́ àga, ọ̀kan á bá àlejò lọ, ajá tàbí àbúrò á jẹ ẹ̀kẹta. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: 57.